Orin Dùùrù Onífèrè ti Ìgbà Baroque Lórí Píánò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Iṣẹ́ Alátùúntò àti Ojúṣe Atẹpíánò

Ìfáárà

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ni iṣẹ́ tí ó já lé atẹpíánò léjìká nígbà tí ó bá fẹ́ fi píánò ṣe orin tí a kọ fún dùùrù onífèrè ní ìgbà Baroque. Ìgbà Baroque ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ Yúróòpù fún àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1600, tí ó sì parí ní nǹkan bí ọdún 1750, ọdún tí Johann Sebastian Bach kú ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì. Dùùrù onífèrè ni dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì tí afẹ́fẹ́ ń gba inú fèrè rẹ̀ kọjá kí ó tó dún, ó sì yàtọ̀ sí píánò, tí òòlù kéékèèké ń lu wáyà inú rẹ̀. Bí olórin bá mú orin tí a kọ fún irú ohun èlò kan, tí ó tún un kọ kí ohun èlò mìíràn lè ṣe é, iṣẹ́ náà ni a ó máa pè ní àtúntò níhìn-ín, ẹni tí ó ṣe é sì ni alátùúntò.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀: atẹpíánò tí ó bá fẹ́ ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ kí ó dára gbọ́dọ̀ mọ dùùrù onífèrè tinú-tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ píánò di ayédèrú dùùrù. Ojúṣe rẹ̀ ni láti mọ ohun tí orin náà ń lo dùùrù fún, kí ó sì wá ọ̀nà tí píánò lè gbà ṣe ohun kan náà pẹ̀lú agbára tirẹ̀.

Ohun tí ó ya dùùrù onífèrè sọ́tọ̀ kúrò lára píánò

Lórí dùùrù onífèrè, nígbà tí ìka bá tẹ kíì ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ti fẹ́ jọ láti wọ inú fèrè, ohùn náà yóò sì máa dún lọ ní ìwọ̀n kan náà, kò ní rẹlẹ̀, kò sì ní ga sí i, títí ìka yóò fi kúrò lórí kíì. Ní ayé Bach, àwọn ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ ẹwìrì náà lẹ́yìn dùùrù, kò sì sí orin níbi tí kò bá sí wọn. Bí ìka tẹ kíì tagbára-tagbára, bí ó sì rọra tẹ̀ ẹ́, ohùn kò tìtorí rẹ̀ pariwo jù tàbí kí ó dín kù. Sítọ́ọ̀pù ni atẹdùùrù fi ń yí ohùn padà, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí a ń fà síta kí ọ̀wọ́ fèrè kan lè máa dún.

Òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀wọ́ fèrè wọ̀nyí. Ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ń dún gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé orin, ti 16 ń dún ní ọ́kítéèfù kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ti 4 ń dún ní ọ́kítéèfù kan lókè rẹ̀, ti 2 sì ń dún ní ọ́kítéèfù méjì lókè. Ọ́kítéèfù ni àlàfo tí ó máa ń wà láàrin ohùn àwọn ọkùnrin àti ti àwọn obìnrin nígbà tí gbogbo ìjọ bá jọ ń kọ ohùn hímù kan náà. Nítorí náà, ìka kan ṣoṣo lórí kíì kan lè mú kí fèrè mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí èyí, dùùrù ńlá máa ń ní ìpele kíì méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọwọ́, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ́ fèrè tirẹ̀, ó sì tún ní kíì ẹsẹ̀, tí atẹdùùrù ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ láti mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Dùùrù tí Gottfried Silbermann kọ́ sínú kàtídírà ìlú Freiberg, tí ó parí ní ọdún 1714, tí ó sì ń dún títí di òní, ní ìpele mẹ́ta fún ọwọ́ pẹ̀lú kíì ẹsẹ̀.

Píánò, tí Bartolomeo Cristofori ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1700, gba ọ̀nà mìíràn. Agbára tí ìka fi tẹ kíì ni ó ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ròkè tó, nítorí náà ìka mẹ́wàá lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ìwúwo wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ìró agogo ni ìró píánò rí: ìṣẹ́jú àáyá tí a lù ú náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ, kò sì sí ohun tí ìka lè ṣe láti sọ ọ́ jí bí kò ṣe pé kí ó tún un lù.

Àwọn ohun èlò méjèèjì kò ṣe àjèjì sí ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Silbermann tí ó kọ́ dùùrù Freiberg ṣe píánò pẹ̀lú, Bach sì dán ọ̀kan nínú wọn wò, ó ní kíì rẹ̀ wúwo jù fún ìka, àti pé ohùn òkè rẹ̀ kò lágbára tó. Silbermann tún iṣẹ́ náà ṣe fún ìgbà pípẹ́, Bach sì gbà níkẹyìn pé ó dára. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1747, orí píánò Silbermann ni Bach ti dá orin sílẹ̀ láìmúra tẹ́lẹ̀ níwájú Ọba Frederick Kejì ní ààfin Potsdam.

Àtúntò nínú iṣẹ́ Bach fúnra rẹ̀

Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá gbé orin kúrò lórí ohun èlò tí a kọ ọ́ fún ti ba orin náà jẹ́. Ìwà Bach fúnra rẹ̀ kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Nígbà tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní ààfin Weimar láàrin ọdún 1708 sí 1717, ó mú lára àwọn orin tí Antonio Vivaldi kọ fún gòjé àti ẹgbẹ́ olórin, tí a tẹ̀ jáde ní Amsterdam ní ọdún 1711, ó sì tún wọn tò fún dùùrù. Ohun tí gòjé púpọ̀ jọ ń ṣe nínú orin Vivaldi di iṣẹ́ ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ẹnì kan ṣoṣo.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni orin hímù tí à ń pè ní Wachet auf, ruft uns die Stimme. Ní ọdún 1731, Bach fi hímù yìí ṣe kantata kan fún ìsìn ní Leipzig, kantata sì ni orin ìsìn gígùn tí ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ aláfohun-èlò jọ ń ṣe. Nínú apá kan rẹ̀, àwọn gòjé ń ṣe orin kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ijó, ohùn ìsàlẹ̀ ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọkùnrin olóhùn òkè sì ń kọ ìlà hímù náà lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin wọn. Nígbà tí ó di apá ìparí ayé rẹ̀, Bach tún apá yìí tò fún dùùrù onífèrè, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú hímù márùn-ún mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún gba orin gòjé, ọwọ́ òsì gba hímù, ẹsẹ̀ gba ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí atẹpíánò Ferruccio Busoni wá tún un tò fún píánò ní ọdún 1898, iṣẹ́ tí Bach ti bẹ̀rẹ̀ ni ó tẹ̀ síwájú, nítorí pé orin dùùrù tí ó wà níwájú rẹ̀ ti jẹ́ àtúntò tẹ́lẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ Liszt dé ọ̀dọ̀ Busoni

Lẹ́yìn ikú Bach, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn orin dùùrù rẹ̀ wà, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì ń gbọ́ wọn. Olórin Felix Mendelssohn ṣe àfihàn orin dùùrù Bach ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint Thomas ní Leipzig ní oṣù Kẹjọ ọdún 1840 láti fi kó owó jọ fún ère ìrántí Bach, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí nítòsí irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà láti gbọ́ ọ, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀. Píánò ti wọ inú ilé àwọn ènìyàn àti gbọ̀ngàn orin ní àkókò kan náà. Èyí ni ìdí tí atẹpíánò Franz Liszt fi tún Prelude àti Fúùgù mẹ́fà ti Bach tò fún píánò, tí a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1852. Prelude ni orin ìṣíde. Fúùgù ni orin tí ohùn kan ti ń kọ́kọ́ dá sọ kókó kan, tí ohùn kejì yóò gba kókó náà nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, títí ohùn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò fi jọ máa sọ̀rọ̀ pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èkejì. Liszt fi ìtẹríba ṣe iṣẹ́ yìí: ó gbé ohùn ẹsẹ̀ fún ọwọ́ òsì, ó fi ọ́kítéèfù kún un níbi tí ọwọ́ bá ti tó, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bí Bach ṣe kọ ọ́. Carl Tausig, ọmọ ẹ̀kọ́ Liszt tí ó kú ní ọdún 1871 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tún Toccata àti Fúùgù ní D minor tò lọ́nà tí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún gbọ̀ngàn orin; Toccata ni orin tí a kọ kí ó lè fi ìyára ìka hàn.

Busoni, tí a bí ní Empoli ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1866, tí ó sì kú ní Berlin ní ọdún 1924, ni ó sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1894, ó fi àfikún kan sí ẹ̀yìn ìwé tí ó ṣe lórí The Well-Tempered Clavier, àkójọ Prelude àti Fúùgù ti Bach, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí a ṣe ń sọ ohùn kan di méjì pẹ̀lú ọ́kítéèfù, bí píánò ṣe lè ṣe irú ìyàtọ̀ tí sítọ́ọ̀pù ń ṣe, àti bí a ṣe ń lo pẹ́dàlì, ìyẹn irin abẹ́ píánò tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ohùn lè máa dún lọ. Ó tún ya oríṣi méjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀: àwọn Toccata àti Prelude ńláńlá jẹ́ ti gbọ̀ngàn ńlá, àwọn hímù mẹ́wàá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1898 sì jẹ́ èyí tí ó pè ní ti yàrá kékeré. Atẹpíánò tí kò bá ka ìyàtọ̀ yìí sí yóò fi agbára gbọ̀ngàn ńlá pa orin tí ó jẹ́ àdúrà.

Ìṣòro mẹ́rin àti bí a ṣe ń yanjú wọn

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni gígùn ohùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Prelude ní A minor, tí ó wà lára àwọn mẹ́fà tí Liszt tún tò, ọwọ́ ń sáré lókè fún ìgbà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wọlé pẹ̀lú ohùn A ìsàlẹ̀ kan, tí yóò sì dì í mú títí, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń bá ìrìn tiwọn lọ. Lórí dùùrù, A yìí dúró gbọn-in, agbára rẹ̀ kò sì dín kù títí dé òpin. Lórí píánò, kò ní pẹ́ tí yóò fi pòórá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: atẹpíánò lè tún ohùn náà tẹ̀ níbi tí ìlù orin bá ti wúwo, ó lè fi pẹ́dàlì ọ̀tún dì í mú, tàbí kí ó lo pẹ́dàlì àárín, tí Steinway gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1874, èyí tí ń di kìkì ohùn tí ìka ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ mú láìdi àwọn yòókù. Kì í ṣe gbogbo píánò ni ó ní pẹ́dàlì àárín yìí. Nínú Wachet auf, ìṣòro kan náà wà lára hímù tí ó wà láàrin, tí àwọn ohùn rẹ̀ gùn, tí wọ́n sì ń kú kí èyí tí ó tẹ̀lé wọn tó dé. Ohùn gígùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwúwo tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ èkejì rẹ̀, kí ohùn kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èkínní parẹ́ sí, kí etí lè gbà pé okùn hímù náà kò já.

Ìṣòro kejì ni ìwúwo ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀wọ́ fèrè ẹsẹ̀ bàtà 16 ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ ohùn ẹsẹ̀, nítorí náà ohun tí a rí nínú ìwé orin dùùrù kọ́ ni gbogbo ohun tí a ń gbọ́. Alátùúntò tí ó kọ ọ́kítéèfù fún ọwọ́ òsì kò fi àsọdùn kún orin, ohun tí fèrè ti ń sọ ni ó kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, atẹpíánò gbọ́dọ̀ rántí pé ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe ohùn yìí. Àwọn atẹdùùrù ìgbà Baroque sábà máa ń lo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ, àlàfo díẹ̀díẹ̀ sì máa ń wà láàrin ohùn kan àti èkejì. Ọwọ́ òsì tí ó bá fi ọ́kítéèfù sáré ju bí ẹsẹ̀ méjì ṣe lè rìn lọ ti gbé orin náà kúrò nínú ìrìn rẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe dá hàn. Nínú hímù Ich ruf zu dir, Herr Jesu Christ, tí Bach kọ ní F minor, ohùn mẹ́ta péré ni ó wà: hímù lókè, omi orin tí ń ṣàn láìdúró láàrin, àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń lu ìgbésẹ̀ kan náà tẹ̀léra-tẹ̀léra. Lórí dùùrù, ìpele kíì kan wà fún ohùn òkè, òmíràn fún ti àárín, ẹsẹ̀ sì wà fún ti ìsàlẹ̀, ọ̀wọ́ fèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń lò. Lórí píánò, ọwọ́ méjì ni ó gbọ́dọ̀ pín ohùn mẹ́ta láàrin ara wọn, oríṣi wáyà kan náà ni gbogbo wọn sì ń lù. Níhìn-ín ni píánò ti ní ohun tí dùùrù kò ní, nítorí ìka lè fún hímù ní ìwúwo, kí ó rọ omi àárín sílẹ̀, kí ó sì fi ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ipò tí ó wà láàrin méjèèjì. Atẹpíánò Dinu Lipatti gba orin yìí sílẹ̀ ní ọdún 1950, ọdún tí ó kú, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ píánò fetí sí i.

Nínú fúùgù, ẹ̀bùn kan náà lè di ìdẹkùn. Ọ̀pọ̀ atẹpíánò máa ń fi òòlù lé kókó fúùgù lórí ní gbogbo ìgbà tí ó bá wọlé, bí ẹni pé àwọn olùgbọ́ kò ní dá a mọ̀. Atẹdùùrù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìpele kan náà, síbẹ̀ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ń dá a mọ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí atẹpíánò fa àwọn ohùn yòókù sẹ́yìn díẹ̀ dípò kí ó ti kókó síwájú. Bach sì máa ń fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi ní apá àárín fúùgù, kí ohùn ìsàlẹ̀ lè padà wọlé pẹ̀lú kókó náà bí ẹni ńlá tí ó dé sí àárín ìpàdé. Bí ọwọ́ òsì bá ti wúwo kí ìgbà yẹn tó dé, ìpadàbọ̀ náà ti sọnù. Bákan náà, nígbà tí ohùn dùùrù bá ń tóbi sí i, ìpele-ìpele ni, nígbà tí ohùn tuntun bá wọlé tàbí tí ọwọ́ bá kúrò lórí ìpele kíì kan bọ́ sí òmíràn. Ní oríkèé orin ni atẹpíánò ti gbọ́dọ̀ yí agbára padà.

Ìṣòro kẹrin ni ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta ńlá máa ń gbé ohùn ró lẹ́yìn tí ìka bá ti kúrò, àwọn tí ó kọ orin fún un sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Toccata ní D minor, tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ṣiyèméjì bóyá Bach ni ó kọ ọ́, fi èyí hàn kedere. Ọwọ́ méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọ́kítéèfù, wọ́n mì ohùn A díẹ̀, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ dé D, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n tún un sọ nísàlẹ̀, wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nísàlẹ̀ pátápátá, kí D ńlá ti ẹsẹ̀ tó wọlé, tí àwọn ohùn yóò sì máa gun ara wọn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kò dákẹ́ ní àwọn àlàfo wọ̀nyẹn, nítorí ilé ṣì ń sọ ohun tí ọwọ́ sọ. Nínú gbọ̀ngàn tí ó gbẹ, pẹ́dàlì ọ̀tún ni yóò dúró fún ilé, kí a gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ohùn lè lọ fúnra rẹ̀ dípò kí a gé e. Ṣùgbọ́n pẹ́dàlì tí a gbàgbé ẹsẹ̀ sí nínú fúùgù yóò da gbogbo ohùn rú mọ́ ara wọn, nítorí náà etí ni ó gbọ́dọ̀ máa darí ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Àríyànjiyàn àti ìdájọ́

Láàrin ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fọwọ́ rọ́ àwọn àtúntò wọ̀nyí sẹ́yìn. Àwọn tí ń tún dùùrù àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Jámánì fẹ́ kí a gbọ́ Bach lórí irú ohun èlò tí òun fúnra rẹ̀ lò, ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sì ti mú kí ohùn dùùrù dé ibi gbogbo, kò sì tún pọn dandan kí píánò máa gbé e kiri. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí kò sí àtúntò kan tí ó lè rọ́pò dùùrù onífèrè. Ṣùgbọ́n àtúntò kò jẹ́jẹ̀ẹ́ láti rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí atẹpíánò Vladimir Horowitz padà sí Carnegie Hall ní New York ní ọdún 1965 lẹ́yìn ọdún méjìlá tí kò ti ṣeré ní gbangba, Toccata ní C major tí Busoni tún tò ni ó fi bẹ̀rẹ̀, atẹpíánò Víkingur Ólafsson sì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú àwo Bach tí ó gbé jáde ní ọdún 2018. Orin tí àwọn ènìyàn ṣì ń yàn fún ara wọn lẹ́yìn tí ìdí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti kọjá lọ ti fi hàn pé ó ní ìdí mìíràn láti wà: ó jẹ́ kí a gbọ́ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwúwo tí ìka ènìyàn fi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, T. K. Ekundayo Phillips ni atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, ìlú Èkó, lábẹ́ rẹ̀ sì ni Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ti kọ́ṣẹ́. Ṣówándé fi ohùn orin ìjọ Yorùbá kọ orin dùùrù onífèrè, bíi Ọbáńgíjì àti Oyígíyígì, tí a tẹ̀ jáde láàrin ọdún 1950 sí 1959. Dùùrù onífèrè kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ìtọ́jú rẹ̀ sì nira, ṣùgbọ́n píánò wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí Liszt ṣe fún Bach nígbà tí orin rẹ̀ há mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó yẹ kí àwọn olórin wa ṣe fún Ṣówándé: kí wọ́n tún àwọn orin rẹ̀ tò fún píánò pẹ̀lú ìtẹríba, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ sí wọn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ atẹpíánò bí a ṣe ń fi etí mú ohùn kọ̀ọ̀kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí dùùrù onífèrè ti ń dún, kí ó gbọ́ ọ títí yóò fi yé e, kí ó tó ṣí ìwé àtúntò rẹ̀.